Koha Kọ̀, Kò Wọlé

Tòkunbọ̀ ni kọ̀ǹpútà tó wà lórí tábìlì náà, HP dúdú tí igun rẹ̀ kan ti fọ́, tí wọ́n fi páálí Indomie bò nítorí eruku. Ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìjẹ̀bú-Òde ló ni ín. Olùkọ́ tó ń bójú tó yàrá ìkàwé wọn ló fi kẹ̀kẹ́ Márúwá gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù àtúnṣe kọ̀ǹpútà yìí, lẹ́bàá Ìbàdàn Gáràjì, nígbà tí Iléyá ku sí dẹ̀dẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ariwo Ojúde Ọba gba ìlú kan, kò sì sẹ́ni tó tún rántí kọ̀ǹpútà mọ́ títí tí àwọn àlejò fi padà sí Èkó.

Ohun tí ìyá olùkọ́ náà ń fẹ́ kò pọ̀: kí wọ́n bá òun fi Koha sórí rẹ̀, kí òun lè mọ ìwé tó wà lórí pẹpẹ àti èyí tí ọmọ yá tí kò dá padà. Ẹnì kan ti gbìyànjú rẹ̀ fún wọn rí. Ó jà á, jà á, kò gbà, ó gba owó iṣẹ́, ó bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Kọ̀ǹpútà tó fi sílẹ̀ ni wọ́n gbé wá yìí, pẹ̀lú gbogbo ohun tó ti ṣe sí i nínú. Mo jókòó tì wọ́n lórí bẹ́ǹṣì nítorí mo fẹ́ fi ojú ara mi rí ibi tí sọ́fítíwia ọ̀fẹ́ ti ń di iṣẹ́.

Koha kì í ṣe àjèjì nílẹ̀ wa. New Zealand ni wọ́n ti kọ ọ́ ní 1999, fún àwọn ilé-ìkàwé agbègbè Horowhenua, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2000. Ẹni tó bá fẹ́ lè gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, kí ó tú u wò, kí ó tún un ṣe. Ilé-ìkàwé yunifásítì púpọ̀ ní Nàìjíríà ló ń lò ó. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2015, Ìbàdàn ni àwọn tó ń kọ ọ́ àti àwọn tó ń lò ó káàkiri ayé ti pàdé fún àpérò wọn, KohaCon. Nítorí náà, bí olùkọ́ kan bá ń bèèrè Koha ní Ìjẹ̀bú, kì í ṣe pé ó ń fẹ́ ohun tó ju agbára ìlú lọ.

Àmọ́ Koha kì í dá rìn. Ẹni tó bá ní kí ẹlẹ́ṣin ìdílé Balógun kan yọ sí òde lọ́jọ́ Ojúde Ọba ti mọ̀ pé kì í ṣe ẹṣin kan àti èèyàn kan ni yóò yọ: onílù ń bọ̀, ẹni tó ń di ìjánu mú ń bọ̀, àwọn tó ń yìnbọn sókè ń bọ̀, ọmọ ilé lọ́kùnrin lóbìnrin ń bọ̀, bí ọ̀kan kò bá sì tíì dé, ẹṣin ò ní ṣí ẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni package tó ń jẹ́ koha-common ṣe máa ń pe àwọn ẹlòmíràn: apache2 tó ń gbé ojú-ìwé síta, idzebra-2.0 tó ń bá a wá ìwé, libmarc-record-perl tó mọ bí wọ́n ṣe ń ka àkọsílẹ̀ ìwé, àti ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ mìíràn tí wọ́n fi èdè Perl kọ. Olúkúlùkù wọn tún ní ẹni tí òun náà gbára lé. apt, irinṣẹ́ tí Debian, irú Linux tó wà lórí ẹ̀rọ náà, fi ń kó wọn wọlé, ló ń ṣírò ẹni tí yóò kọ́kọ́ dé àti ẹ̀dà tí olúkúlùkù gbọ́dọ̀ jẹ́. Bí ìṣirò náà kò bá bára mu, apt ò ní fi ẹyọ kan wọlé. Lójú tèmi, ìwà ọmọlúàbí ni. Àwọn èèyàn ló ń pè é ní wàhálà.

Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù náà, tí àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ ń pè ní Ọ̀gá, tí àwọn oníbàárà ń pè ní Ẹnjiníà, tan ẹ̀rọ. Ó tẹ sudo apt update, ó tún tẹ sudo apt install koha-common tẹ̀lé e. Ìlà funfun díẹ̀ sáré kọjá, pupa dé. Ọmọṣẹ́ tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ ti na ìka sí ìlà ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tó kọ "Unable to locate package koha-common" sí.

"Ọ̀gá, ó ní Koha ò sí. Bóyá wọ́n ti yọ ọ́ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì."

"Ta ló ní kí o ti ìsàlẹ̀ kà á? Gòkè lọ."

Ọmọ náà fi àtẹ̀bọ́tìnnì gòkè títí ó fi kan ìlà pupa àkọ́kọ́. Ohun tó wà níbẹ̀ yàtọ̀ pátápátá: fáìlì tí Debian fi ń kéde ohun tó wà nínú àká rẹ̀ "is not valid yet". Ìyẹn ni pé àkókò rẹ̀ kò tíì tó. Ọ̀gá kò sọ nǹkan kan, ó kàn fi ìka kan ìsọ̀rí aago lókè ojú ẹ̀rọ. Ọdún mélòó kan sẹ́yìn ni kọ̀ǹpútà náà rò pé a wà.

Gbogbo ìkéde tí Debian bá ṣe ló ń ní ọjọ́ lórí, apt sì máa ń fi aago ẹ̀rọ wò ó kí ẹnì kan má bàa gbé ìkéde àtijọ́ fún un bí ẹni pé tuntun ni. Lójú ẹ̀rọ tí aago rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn, ìkéde tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún yìí ti ọ̀la tí kò tíì dé wá. Ó kọ̀ ọ́. Nígbà tó sì kọ̀ ọ́, kò ní àkójọ orúkọ kankan lọ́wọ́, nítorí ẹni tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ṣáájú ti pa gbogbo ohun tó wà ní /var/lib/apt/lists rẹ́. Bí apt kò bá ní àkójọ orúkọ, báwo ni yóò ṣe mọ ẹni tó ń jẹ́ koha-common? Ìlà ìsàlẹ̀ kò purọ́, àmọ́ àtúbọ̀tán ni. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ wà lókè.

Wọ́n ṣí ìdí ẹ̀rọ. Bátìrì róbótó kan wà lára páálí tó wà nínú, CR2032, kò tóbi ju owó ẹyọ lọ. Òun ló ń bá kọ̀ǹpútà rántí aago nígbà tí kò bá sí iná. Ẹ̀rọ tí wọ́n bá ń yọ kúrò lára iná fún ọ̀sẹ̀ àti oṣù, bí a ti ń ṣe é níbí, bátìrì yìí nìkan ni yóò máa jẹ, yóò sì kú kíá. Ọ̀gá fi ẹnu sukurudíráfà gbé e jáde, ó fi tuntun rọ́pò, ó tún ọjọ́ ṣe. Apt update kejì kọjá láìsí pupa kan níbi ti Debian. Ìyá olùkọ́ ní, "Bátìrì yìí náà ló ń fa gbogbo rẹ̀?" Ọ̀gá ní, "Rárá, mà. Òun ló bo èyí tó kù mọ́lẹ̀."

Èyí tó kù náà ni ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ dé.

Nígbà tí wọ́n tún pe koha-common, apt dáhùn lọ́nà mìíràn: "The following packages have unmet dependencies", ó wá to orúkọ lọ sísàlẹ̀, ó fi "you have held broken packages" parí rẹ̀. Ọ̀gá ṣí fódà /etc/apt/sources.list.d, níbi tí ẹ̀rọ ti ń mọ àwọn àká tí yóò ti máa kó ẹrù. Debian 12 ló wà lórí kọ̀ǹpútà náà, bookworm tó jáde ní 2023. Síbẹ̀ fáìlì kan wà níbẹ̀ tó ń tọ́ka sí àká Ubuntu 24.04. Ẹni tó ṣáájú ti rí ìtọ́sọ́nà kan níbì kan, ó dà á kọ bó ti wà.

Debian àti Ubuntu kì í ṣe ọ̀tá. Lórí ìpìlẹ̀ Debian ni Mark Shuttleworth, ọmọ South Africa, ti gbé Ubuntu jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2004. Àṣẹ kan náà ni wọ́n ń lò, irú package kan náà ni. Àmọ́ ẹ̀dà ohun tó wà nínú àká wọn kò dọ́gba. Perl tó wà nínú Debian 12 jẹ́ 5.36, ti Ubuntu 24.04 jẹ́ 5.38, package tí wọ́n bá sì kọ́ fún ọ̀kan lè má ṣiṣẹ́ lórí èkejì. Àwọn ará Debian ní orúkọ fún ẹ̀rọ tí wọ́n bá pa àká méjì pọ̀ lórí rẹ̀ báyìí. FrankenDebian ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì kọ ìkìlọ̀ gbọọrọ sílẹ̀ nípa rẹ̀.

Ọ̀gá tẹ apt policy fún ọ̀kan nínú àwọn package Perl náà. Ibi tí mo ti rí ọwọ́ àgbà nìyẹn. Àṣẹ náà kò ṣe nǹkan kan sí ẹ̀rọ, ó kàn ń sọ èyí tó wà lórí rẹ̀, èyí tí ó lè gbà, àti àká tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá. Ó tẹ̀ ẹ́ fún òmíràn, ó tún tẹ̀ ẹ́ fún òmíràn. Ó ka ìdáhùn sókè bí ẹni tó ń ka orúkọ nínú kíláàsì, ọmọṣẹ́ ń kọ ọ́ sílẹ̀ nínú ìwé àjákọ. Mélòó kan nínú wọn wá láti Ubuntu, wọn kò sì bá Perl tó wà níbẹ̀ mu rárá. Báwo ni wọ́n ṣe wọlé nígbà náà? Ìtàn àṣẹ tó wà nínú ẹ̀rọ sọ ọ́: ẹni yẹn ti fi dpkg --force-depends tì wọ́n wọlé tipátipá. Nígbà tí nǹkan wá ń bàjẹ́, ó fi apt-mark hold de perl-base mọ́lẹ̀ kó má bàa ṣí kúrò. Ohun tí apt ń pè ní "held" nìyẹn.

Package tó kọ̀ láti wọlé kò tíì ba nǹkan kan jẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Èyí tí wọ́n fipá tì wọlé ló ń ṣe èèyàn ní ibi, ọ̀pọ̀ ìgbà sì ni ẹni tó tì í kì í sí níbẹ̀ mọ́ nígbà tí yóò bá jẹ ẹlòmíràn níyà.

Títún un ṣe kò le, ó kàn ń fẹ́ sùúrù. Wọ́n yọ fáìlì Ubuntu kúrò. Wọ́n tú perl-base sílẹ̀. Wọ́n tún apt update ṣe. Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú orúkọ inú ìwé àjákọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n dá a padà sí ẹ̀dà Debian, wọ́n fi /bookworm sí ìdí orúkọ rẹ̀ kí apt lè mọ̀ pé inú àká yẹn gan-an ni wọ́n ń pè. Kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, Ọ̀gá máa ń fi -s sí àṣẹ náà lákọ̀ọ́kọ́, kí apt fi hàn án lórí ìwé lásán ohun tó fẹ́ ṣe. Bí ó bá rí i pé yóò yọ ohun tí kò yẹ kí ó yọ, á dúró. Ìgbà kan wà tí apt ní òun yóò yọ ojú-iṣẹ́ gbogbo kúrò lórí ẹ̀rọ. Ọmọṣẹ́ fẹ́ tún àṣẹ náà tẹ̀ láìfi -s sí i. Ọ̀gá fi ọwọ́ gbá a lọ́wọ́, kò le.

Ìlà tó ń tọ́ka sí àká Koha fúnra rẹ̀ náà ní àbùkù tirẹ̀. Wọ́n ti kọ [trusted=yes] sí i lára. Bí èèyàn bá fi àká kan kún ẹ̀rọ láìfi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sí i, apt yóò sọ pé òun kò mọ ìbuwọ́lùwé ẹni tó ni ín, NO_PUBKEY. Ẹni tó bá ń kánjú á wá ní kí apt gbà á gbọ́ bẹ́ẹ̀, láìwo ìbuwọ́lùwé kankan. Bí ẹni tó kó ẹrù wọ ilé tí kò sì béèrè orúkọ ẹni tó gbé e wá.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀ níbí, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2024 ni mo rántí. Package kékeré kan wà tó ń jẹ́ xz, ó ń fún fáìlì pọ̀ kó má gba àyè. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí Linux tí kò sí nínú rẹ̀. Lasse Collin, ọmọ Finland, ló ń dá a tọ́jú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní Jia Tan wá ń ràn án lọ́wọ́, ó ṣe é ju ọdún méjì lọ títí wọ́n fi fọkàn tán an, ó wá ki ilẹ̀kùn ìkọ̀kọ̀ bọ ẹ̀dà 5.6.0 àti 5.6.1. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún yẹn, Andres Freund, tó ń ṣiṣẹ́ ní Microsoft, tú àṣírí rẹ̀ nítorí pé ó ti ṣàkíyèsí pé wíwọ ẹ̀rọ kan láti ọ̀nà jíjìn ń pẹ́ ní nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá ju bó ṣe yẹ lọ. Debian tó wà fún gbogbo ayé kò tíì gbà á, inú àwọn èyí tí wọ́n ṣì ń dán wò ló wà. Ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àńjọ̀fẹ́ ni ọ̀rọ̀ xz. Gbogbo ayé ń jẹ níbẹ̀, ẹni tó ń dáná kò rẹ́ni bá a gbé omi, òun ni ẹni àìmọ̀ fi rí àyè wọlé. Ìbuwọ́lùwé nìkan kì bá tí dá irú èyí dúró, òótọ́ ni, nítorí ẹni tó ní àṣẹ ló ṣe é. Síbẹ̀, ẹni tó bá yọ àyẹ̀wò tó kéré jù kúrò kò lẹ́tọ̀ọ́ láti máa sọ̀rọ̀ nípa èyí tó tóbi.

Ọ̀gá pa [trusted=yes] rẹ́. Ó gba kọ́kọ́rọ́ Koha láti ibi tí àwọn tó ń kọ ọ́ gbé e sí, ó fi í sínú /etc/apt/keyrings, ó kọ ìlà náà bó ti yẹ. Apt update mọ́ tónítóní.

Ó wá ku kí ó kó wọn wọlé. Ó tẹ àṣẹ, apt ní ẹlòmíràn ń lo ilé: "Could not get lock /var/lib/dpkg/lock-frontend". Kọ̀ǹpútà tí aago rẹ̀ ti tọ́, tí àká rẹ̀ sì ti mọ́, ti jí dìde fúnra rẹ̀, unattended-upgrades ń bá a gba àtúnṣe ààbò tó ti pẹ́ tó ń dúró. Ọmọṣẹ́ ti ń tẹ rm. Gbogbo ìmọ̀ràn tó wà nígboro lórí ọ̀rọ̀ yìí ni pé kí èèyàn pa fáìlì àgádágodo náà rẹ́.

"Bí o bá pa àgádágodo rẹ́," ni Ọ̀gá wí, "ẹni tó wà nínú ilé ṣì wà nínú ilé. Ẹ̀yin méjèèjì á wá jọ máa kọ sínú ìwé kan náà."

Ọ̀rọ̀ parí. Wọ́n rẹ gààrí. Gààrí Ìjẹ̀bú ni, èyí tó kan létè, tó kúnná, omi tútù látinú kúlà àti ẹ̀pà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kí n tó mu tèmi tán, àgádágodo ti ṣí fúnra rẹ̀.

Ní àsìkò yìí ni mo rí ohun kan ní igun ṣọ́ọ̀bù tí mo rò pé ó ti kú: kọ̀ǹpútà alágbèéká àtijọ́ kan tí kò ní ojú mọ́, tí iná kékeré kan ń ṣẹ́jú lára rẹ̀. apt-cacher-ng ló wà nínú rẹ̀. Gbogbo ẹ̀rọ tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù yìí, ọ̀dọ̀ rẹ̀, lójú ihò 3142, ló ń gba ẹrù Debian kọjá. Ẹrù tí ẹnì kan bá ti kó rí wà nílẹ̀ níbẹ̀, ẹlòmíràn kò ní ná dátà lé e lórí mọ́. Ìdí nìyẹn tí apache2 àti MariaDB tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ fi wọlé ní kíákíá, tó jẹ́ pé àwọn tí Koha nìkan ń lò ló ń gun íntánẹ́ẹ̀tì hotspot fóònù Ọ̀gá. Mo rò ó pé kò yẹ kó jẹ́ ṣọ́ọ̀bù kan ló ní irú rẹ̀. Sọ́fítíwia jẹ́ ọ̀fẹ́, dátà kì í ṣe ọ̀fẹ́. Bí ilé-ẹ̀kọ́ bíi mẹ́rin ní àdúgbò kan bá dá owó pọ̀ ra ẹ̀rọ àtijọ́ kan fún iṣẹ́ yìí nìkan, owó dátà oṣù díẹ̀ ni yóò san án padà.

Ẹrù ṣì ń wọlé nígbà tí ọmọkùnrin kan, akẹ́kọ̀ọ́ láti yunifásítì tó wà ní Ìjagun, fi báàgì wọlé. "Bọ̀dá, ẹ káàsán. Project mi ò ṣí mọ́." Ó ń fi Django, tí wọ́n fi èdè Python kọ, ṣe iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀. Pip, irinṣẹ́ tí Python fi ń kó package wọlé, ti sọ fún un pé "externally-managed-environment", ẹnì kan nínú kíláàsì sì ti ní kí ó fi --break-system-packages sí i. Láti Debian 12 ni irú ìkìlọ̀ yìí ti wọ Debian, kí pip má bàa tẹ ohun tí apt ń bójú tó mọ́lẹ̀. Àwọn tó dá àṣẹ náà sílẹ̀ pè é ní orúkọ tó bá ìwà rẹ̀ mu, akẹ́kọ̀ọ́ sì ń tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́. Ọ̀gá bá a ṣe venv, yàrá tirẹ̀ nínú fódà iṣẹ́ náà, kí ohun tó bá fi síbẹ̀ má jáde. Pip wá dé orí mysqlclient, ó tún kọ̀: ìlà pupa tó gùn bí okùn. Ó ń wá pkg-config, kò rí i. Mysqlclient kì í wá ní gbígbé kalẹ̀ fún Linux, orí ẹ̀rọ gan-an ni wọ́n ti ń kọ́ ọ, ó sì nílò python3-dev, default-libmysqlclient-dev, build-essential àti pkg-config, tí pip kò lè gbà fún un. apt ló ń kó ìwọ̀nyẹn. Wọ́n dúró kí ti Koha wọlé tán kí wọ́n tó gbà wọ́n.

"O kọ ẹ̀dà Django sínú requirements?" Ọmọ náà ní òun kọ Django lásán. Ọ̀gá mi orí. Ó ní kó kọ nọ́ńbà sí i, nítorí ohun tó ṣiṣẹ́ lónìí lè yí padà kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tí yóò máàkì í. Ó tún lè pòórá pátápátá. Ní oṣù kẹta ọdún 2016, Azer Koçulu bá ilé-iṣẹ́ Kik jà lórí orúkọ package, ó sì bínú yọ gbogbo èyí tó kọ kúrò ní npm, àká àwọn tó ń kọ JavaScript. left-pad wà lára wọn, ìlà 11 péré, àlàfo ló ń fi sí iwájú ọ̀rọ̀. Iṣẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá dá dúró káàkiri ayé títí npm fi dá a padà láàárín wákàtí díẹ̀. Debian ní tirẹ̀ ń tọ́jú ẹ̀dà àtijọ́ sí snapshot.debian.org, láti 2005 wá.

Inú ọ̀rọ̀ yìí la wà tí wọ́n mú iná lọ.

Ínfátà ṣọ́ọ̀bù náà kò gbé iná dé tábìlì tí HP náà wà. Ojú ẹ̀rọ ṣókùnkùn, ìyá olùkọ́ ní "Yéè!" Nígbà tí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, tí ẹ̀rọ sì jí, apt kọ̀ láti ṣe ohunkóhun: "dpkg was interrupted, you must manually run 'sudo dpkg --configure -a' to correct the problem." Ní gbogbo ohun tí mo rí lọ́jọ́ náà, ìlà yìí ni mo fẹ́ràn jù. Ó sọ àìsàn, ó sọ oògùn, kò sí ọ̀rọ̀ ẹnu kankan lẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀gá fi dpkg -l hàn mí kí ó tó lo oògùn náà. Lẹ́tà méjì ló wà níwájú orúkọ package kọ̀ọ̀kan. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ii, ìyẹn ni pé wọ́n wà níbẹ̀ pátápátá. Àwọn kan jẹ́ iU: wọ́n ti tú wọn sílẹ̀, wọn kò tíì tò wọ́n. Ọ̀kan jẹ́ iF: inú ìtò ló wà gan-an nígbà tí iná lọ. Ipele méjì ni dpkg fi ń ṣiṣẹ́, títú àti títò, gbogbo ìṣísẹ̀ rẹ̀ ló sì ń kọ sínú /var/lib/dpkg/status. Ìdí nìyẹn tó fi lè jí kó mọ ibi tí iṣẹ́ dé. Ó tẹ àṣẹ tí ìlà náà dárúkọ, lẹ́tà wọn sì ń di ii lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń kọ sọ́fítíwia ní ilẹ̀ tí iná kì í lọ ló ṣe èyí, àmọ́ àwa ló ń jẹ àǹfààní rẹ̀ jù.

Wọ́n gbé koha-create dé, àṣẹ tó ń dá ilé-ìkàwé sílẹ̀ nínú Koha. Ó kọ̀: ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ ṣí mod_rewrite fún Apache. a2enmod rewrite cgi, ó parí. Ó kù kí Apache dìde, Apache kò dìde. Ihò 80 tó yẹ kó jókòó sí, ẹnì kan ti wà níbẹ̀. Ọ̀gá tẹ sudo ss -ltnp, orúkọ httpd yọ, láti /opt/lampp. XAMPP ni. Ẹni ìṣáájú náà ti gbé Apache tirẹ̀ wá, ó fi ṣe nǹkan kan, ó gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀, ó sì ń jí ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tan ẹ̀rọ. Kò sí package tó kù, kò sí ẹ̀dà tí kò bá ara mu, apt ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ tán. Àlejò méjì kàn ń jà lórí àga kan ni. Wọ́n dá XAMPP dúró, wọ́n béèrè lọ́wọ́ ìyá náà bóyá ó ní ohun kankan nínú rẹ̀, ó ní òun ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Wọ́n yọ ọ́.

Lójú ihò 8080 ni ojú-ìwé òṣìṣẹ́ Koha ti ṣí. Ó béèrè irú àkọsílẹ̀ tí wọ́n ń lò, MARC21 tàbí UNIMARC. MARC21 ni wọ́n mú. Ó béèrè orúkọ ilé-ìkàwé, ìyá olùkọ́ fúnra rẹ̀ ló jókòó tẹ̀ ẹ́, ìka kan ṣoṣo, tí ó ń wá lẹ́tà. Ìwé ìṣirò kan tó wà nínú báàgì rẹ̀ ni ìwé àkọ́kọ́ tó wọ inú rẹ̀.

"Ẹnjiníà, mo gbọ́ pé wọ́n máa ń gbé tuntun jáde. Ìgbà wo la ó gba tuntun?"

"Oṣù karùn-ún àti oṣù kọkànlá ni wọ́n ń gbé e jáde, mà. Ẹ má tẹ ohunkóhun. Bó bá tó àkókò, ẹ gbé e wá."

Ó ṣí fódà /var/spool/koha hàn án. Koha ń ṣe ẹ̀dà àkọsílẹ̀ rẹ̀ síbẹ̀ lójoojúmọ́, àmọ́ kì í tọ́jú wọn pẹ́, orí dísìkì kan náà sì ni. Ó fi fláàṣì kan lé e lọ́wọ́, ó kọ́ ọ bó ṣe máa da fáìlì tó gbẹ̀yìn kọ sínú rẹ̀ ní ọjọ́ Jímọ̀ kọ̀ọ̀kan kí ó tó ti yàrá ìkàwé. Ìyá náà ní kó tún un ṣe níṣojú òun. Ó tún un ṣe. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá sọ̀rọ̀ owó, ó sì pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó fẹnu kò.